Gígun alùpùpù onítáyà mẹ́rin láàárín àwọn òkè àti adágún Colorado: kí ló yẹ kí ará Òṣogbo mọ̀ kó tó lọ?

Olùkọ́ Òkè-Fìà béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará ilé, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Òṣogbo ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní ìlú Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ní kí èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún, wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi ní ìparí oṣù keje. Ó fẹ́ mú wa lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lake City, láàárín àwọn òkè San Juan, kí a háyà alùpùpù onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní ATV níbẹ̀, kí a sì fi gba ọ̀nà orí òkè kan tí wọ́n sọ ní Alpine Loop.

Àwọn àwòrán tó fi ránṣẹ́ wọ̀ mí lójú gidigidi. Mo rí adágún tó tẹ́ rẹrẹ sí ẹsẹ̀ òkè, mo rí yìnyín lórí àpáta nínú oṣù keje tí oòrùn ń ràn, mo sì rí ọ̀nà tóóró kan tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gba ara òkè lọ títí ojú kò fi rí i mọ́. Alùpùpù ni mo máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí. Ọkọ mi mọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà dáadáa. Ọmọ wa kò tíì wa ohunkóhun. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ ni bóyá ìmọ̀ alùpùpù tí mo ní tó fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ohun tó lè ṣe wá níbi tó ga tó bẹ́ẹ̀, àti ibi tó yẹ kí a dúró sí kí a wò ó dáadáa. Ọ̀nà jìn púpọ̀ láti Òṣogbo dé ibẹ̀, n kò sì fẹ́ kí a kàn fi ariwo ẹ́ńjìnnì gba ibẹ̀ kọjá láìmọ ohun tí à ń wò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dáhùn pé:

Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Mo gbé ní Colorado fún ọdún pípẹ́ kí n tó padà wálé, àwọn òkè San Juan sì wà lára ohun tí ọkàn mi ṣì máa ń fà sí jù níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ ṣàlàyé.

Gíga ilẹ̀ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, ga ní mítà 2,419. Ìlú Lake City, níbi tí ẹ ó sùn sí kí ẹ tó gun òkè kankan rárá, ti wà ní nǹkan bíi mítà 2,640. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtura yín níbẹ̀, ẹ ti ga ju ẹnikẹ́ni tó dúró sí orí òkè yòówù ní orílẹ̀-èdè wa. Òṣogbo kò tó mítà 400. Láti Lake City, ọ̀nà náà tún gòkè dé nǹkan bíi mítà 3,850 ní ibi tí wọ́n ń pè ní Cinnamon Pass (Pass ni ibi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè kọjá sí òdì kejì), ó sì dé nǹkan bíi mítà 3,900 ní Engineer Pass.

Gbogbo Alpine Loop tó nǹkan bíi máìlì 65, ìyẹn kìlómítà 105, ó sì so ìlú Lake City, Silverton àti Ouray pọ̀. Ẹ má ṣe fi gígùn yẹn wé ọ̀nà Ìbàdàn tí ènìyàn lè lọ kó sì padà kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí pé òkúta ni ilẹ̀ ọ̀nà náà, àwọn ibì kan sì wà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí ògiri àpáta wà lápá kan tí ọ̀gbun sì wà lápá kejì, tí ọkọ̀ méjì kò lè kọjá lára wọn àfi kí ọ̀kan dúró. Ẹni tó ń gòkè ló ni ọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ni yóò wá àyè dúró dè é. Kì í ṣe àwọn arìnrìnàjò afẹ́ ni wọ́n la ọ̀nà náà fún. Àwọn awakùsà ló là á ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ń fi ìbaaka àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó fàdákà àti wúrà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Kí wọ́n tó dé, ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Ute ni gbogbo rẹ̀, àdéhùn tí ìjọba Amẹ́ríkà bá wọn ṣe ní 1873 ló sì gba àwọn òkè náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ èyí kó tó débẹ̀, nítorí pé àwọn pátákó tó wà lójú ọ̀nà ń sọ ti awakùsà ju ti Ute lọ.

Bí ẹ bá jáde ní Lake City tí ẹ kọjú sí gúúsù, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kan adágún San Cristobal. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Adágún tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ gbẹ́ ni, òun ló sì tóbi ṣìkejì nínú irú rẹ̀ ní gbogbo Colorado. Ohun tó dá a sílẹ̀ ni pé ní nǹkan bíi 700 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí àpáta rẹ̀ ti jẹrà di amọ̀ ya lulẹ̀, ó ṣàn wá sí àfonífojì, ó sì dí ojú odò tó ń gba ibẹ̀ kọjá pa. Omi kó jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi di adágún. Slumgullion ni wọ́n ń pe amọ̀ tó ya náà, apá kan rẹ̀ kò sì tíì dúró títí di òní: níbi tó ti ń yára jù, ó ń rìn tó mítà 6 lọ́dún, débi pé àwọn igi tó hù sórí rẹ̀ fì sọ́tùn-ún fì sósì, kò sí èyí tó dúró ṣánṣán. Ẹ wo adágún náà láti òkè kí ẹ tún wo ojú ibi tí ilẹ̀ ti ya, kí ọmọ yín rí ohun tó fà á àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀nà yóò máa bá odò lọ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè gan-an. Kí ẹ tó dé Cinnamon Pass, ẹ ó rí ẹ̀ka ọ̀nà kan tó lọ sí American Basin, àfonífojì kan tí òkè yí ká, tó máa ń kún fún òdòdó ní ìparí oṣù keje, àsìkò tí ẹ̀yin gan-an ń lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Adágún kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sloan Lake wà lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi lọ, ìrìn náà kò sì rọrùn nítorí pé èémí kì í kún inú ní irú ibi gíga bẹ́ẹ̀. Bí ara yín bá gbà á, ẹ lọ. Bí kò bá gbà á, àfonífojì náà nìkan tó ohun tí ènìyàn ń jókòó wò. Ní òdì kejì Cinnamon Pass ni Animas Forks wà, ìlú awakùsà tí gbogbo ènìyàn ti fi sílẹ̀, tí àwọn ilé onípákó rẹ̀ ṣì dúró. Ènìyàn lè wọ inú àwọn ilé kan níbẹ̀, kó sì bojú wo òkè láti ojú fèrèsé àwọn tó ti lọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba Cinnamon Pass dé Animas Forks, kí ẹ sì padà gba ọ̀nà tí ẹ bá wá. Ẹ fi Engineer Pass sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Ohun kejì ni pé kí ẹ jáde ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, òjò àti mọ̀nàmọ́ná máa ń kó ara wọn jọ sórí àwọn òkè yẹn lẹ́yìn ọ̀sán, kò sì sí igi tí yóò bo yín, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ó ga jù níbẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ẹ ti máa sọ̀kalẹ̀.

Mẹkáníìkì Ògo-Olúwa dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ìbéèrè alùpùpù ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí pé iṣẹ́ mi ni, mo sì ti tún irú ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin yìí ṣe fún àwọn tó ní in.

Ẹni tó mọ ọ̀kadà gùn dáadáa ní láti kọ́ ara rẹ̀ ní nǹkan tuntun kó tó gun ATV, pàápàá ní ibi tí òkè wà. Ọ̀kadà máa ń fì bí ẹ bá fẹ́ ya, ara yín àti ọkọ̀ sì jọ ń fì pọ̀ ni. ATV kì í fì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dúró sílẹ̀, bí ẹ bá sì sáré ya, yóò fẹ́ dojú dé sí òdì kejì ibi tí ẹ ń yà sí, nítorí náà ẹ̀yin ni ẹ ó fi ara yín tẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ, kí ọkọ̀ lè dúró. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ súnmọ́ iwájú kí ẹ sì tẹ̀ síwájú, kí iwájú ọkọ̀ má baà gbéra nílẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ fi sí jíà kékeré tí wọ́n kọ L sí, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa di ọkọ̀ mú, kí ẹ má ṣe gbára lé bíréèkì nìkan, torí pé bíréèkì tó bá gbóná jù kì í mú mọ́. Jíà kékeré yẹn náà ni kí ẹ fi gòkè. Bẹ́líìtì ló ń gbé agbára lọ sí táyà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, bí ẹ bá sì fi jíà ńlá gun òkè pẹ̀lú ẹrù, bẹ́líìtì náà yóò gbóná, yóò rùn, yóò sì já. Iná ọkọ̀, ìyẹn ohun tó ń mú un sáré, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yí bíi ti ọ̀kadà; àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tì í, ó sì máa ń rẹ àtàǹpàkò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Táyà rẹ̀ máa dàbí èyí tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú rẹ̀ lójú yín. Kí ẹ má ṣe ní kí wọ́n fẹ́ ẹ sí i. Nǹkan bíi 5 sí 7 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, kí táyà lè rọ̀ sórí òkúta kó sì dì í mú.

Ohun mìíràn tún wà tí yóò yà yín lẹ́nu: ọkọ̀ náà kò ní lágbára tó bó ṣe máa ń ní nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí Engineer Pass kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó wà ní etí òkun, epo kò sì lè jó dáadáa láìsí afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ oníkabúrétọ̀, èyí tí kì í lo kọ̀ǹpútà láti po epo mọ́ afẹ́fẹ́, tí wọ́n kò bá yí sí ìwọ̀n ibẹ̀ yóò máa mu epo jù, yóò máa tú èéfín dúdú, yóò sì máa sín bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Àwọn tí kọ̀ǹpútà ń bá wọn wọn epo máa ń tún ara wọn ṣe, ṣùgbọ́n àwọn náà yóò rọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọkọ̀ ń lọ́ra, kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Ní ti ìdílé yín, mo rò pé èyí tó ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, tó ní sítíárìn, bẹ́líìtì ìjókòó àti irin tó yí orí ká, ló yẹ kí ẹ háyà. Ọkọ yín tó mọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà yóò mọ̀ ọ́n wà kíá, ọmọ yín yóò sì lè jókòó níbẹ̀ láìwa ohunkóhun. ATV oníjókòó kan kò gba ẹni kejì, kódà bí ìjókòó rẹ̀ bá gùn, àfi èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá dìídì ṣe fún ènìyàn méjì. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣì fẹ́ gun ATV, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀kan gùn ní etíkun Èkó níbi tí wọ́n ti ń háyà wọn, kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n lórí iyanrìn tó tẹ́jú. Kí gbogbo yín dé àṣíborí, àti ẹni tó wa ọkọ̀ àti ẹni tó jókòó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn pé:

Ẹ̀yin olùkọ́, àlàyé ọ̀nà àti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ béèrè ohun kan tí àwọn òyìnbó tó ń háyà ọkọ̀ kò ní ronú kàn, tó sì kan àwa Yorùbá gan-an: kí ni jẹ́nótáìpù ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn, n ó sì ṣàlàyé ìdí tí mo fi béèrè.

Olùkọ́ Òkè-Fìà dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì wa. Èmi jẹ́ AA, ọkọ mi jẹ́ AS, ọmọ wa náà sì jẹ́ AS. Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú àwọn méjèèjì, ọmọ náà sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an. Ìdí nìyẹn tí n kò fi mẹ́nu kàn án rárá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn pé:

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. A mọ̀ nílé pé AS kì í ṣe àìsàn, àti pé ìgbéyàwó nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ronú nípa rẹ̀ fún. Òótọ́ ni èyí níbi tí a wà yìí. Níbi tó ga, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ọ́síjìn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù lókè, bó bá sì dín kù tó, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tó jẹ́ AS lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kọdọrọ bíi ti SS ní ẹ̀yà ara kan tí a ń pè ní spleen, tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ẹ̀jẹ̀ á dí níbẹ̀, apá kan ẹ̀yà ara náà á sì kú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jẹ́ AS ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n gun òkè tí nǹkan kan kò ṣe, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le, tí wọn kò mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, tí àwọn tó tọ́jú wọn náà sì rò pé inú rírun lásán ni.

Nítorí náà, bí ìrora mímúná bá mú ọkọ yín tàbí ọmọ yín ní ikùn lókè lápá òsì, tàbí tí ìrora náà gba èjìká òsì, pàápàá tí èébì bá tẹ̀ lé e, ẹ má ṣe fún un ní oògùn ìrora kí ẹ sì máa bá ìrìn lọ. Kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó bá dókítà sọ sì jẹ́ pé AS ni ẹni náà. Ilé ìwòsàn wà ní ìlú Gunnison, nǹkan bíi máìlì 55 sí Lake City. Kí àwọn méjèèjì mu omi dáadáa, kí wọ́n wọ aṣọ òtútù, kí wọ́n má sì ṣe sáré tàbí fi agídí gun òkè ní ẹsẹ̀. Ìrìn Sloan Lake tí wọ́n sọ lókè yẹn, tèmi ni pé kí àwọn méjèèjì yọwọ́ nínú rẹ̀. Kí ẹ lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni níbí kí ẹ tó lọ. Ẹlòmíràn tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí tó sì jẹ́ SS, kó má ṣe gun irú òkè yìí láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ gbà á láàyè.

Ní ti ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ AA, ẹ má ṣe ti ọkọ̀ òfurufú bọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì kọrí sí òkè ní ọjọ́ kejì. Denver fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 1,600. Ẹ sinmi níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sun oorun ọjọ́ bíi méjì ní Lake City pẹ̀lú, kí ẹ tó gun ọkọ̀. Orí fífọ́, àìrí oorun sùn, èébì àti ìrẹ̀wẹ̀sì ni àmì tí ẹ ó kọ́kọ́ rí bí ara kò bá tíì gba gíga náà. Ẹni tó bá ti rí wọn kò gbọdọ̀ gòkè sí i títí wọn yóò fi lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó láìṣe nǹkan kan, tó ń wúkọ́, tàbí tó ń rìn bí ẹni tó mutí, ewu ńlá ti dé, sísọ̀kalẹ̀ kíá sì ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Oògùn kan wà tí dókítà lè kọ fún yín láti dènà àìsàn òkè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ rà á fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù oògùn.

Arìnrìnàjò Iléṣà dáhùn pé:

Ẹ kú ìjíròrò. Mo fẹ́ yapa díẹ̀ sí ohun tí Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ. Ẹni tó bá ná owó tó pọ̀ tó báyìí láti Nàìjíríà, kí ló dé tí yóò fi ṣe ìdajì ọ̀nà? Mo ti gbọ́ pé ohun tí ojú ń rí láti orí Engineer Pass ju ti Cinnamon lọ. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àbúrò yín nípa Hanging Lake, tó wà ní Colorado kan náà, tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní ẹlẹgbẹ́ adágún Ìyákẹ̀ wa tó wà lórí òkè Àdó-Àwáyè. Mo fẹ́ kí ẹnì kan láti ilẹ̀ wa rí méjèèjì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, èrò rere sì ni. Ohun tí ojú ń rí láti orí Engineer Pass dára lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sọ ni pé ìdílé yìí ní ẹni méjì tó jẹ́ AS gẹ́gẹ́ bí a ti wá mọ̀ báyìí, àti pé ẹni tó bá fẹ́ yí gbogbo rẹ̀ po ní ọjọ́ kan yóò wà lókè mítà 3,400 fún wákàtí púpọ̀, yóò sì tún wà níbẹ̀ ní àkókò tí àrá máa ń sán. Apá tó sọ̀kalẹ̀ láti Engineer sí ojú títì tó lọ sí Ouray tilẹ̀ le fún ẹni tó ti gun òkè náà rí. Bí ọjọ́ kejì bá wà, tí ara gbogbo yín sì dá ṣáṣá, ẹ lè gun Engineer láti ìhà Lake City, kí ẹ bá odò Henson lọ bá odò Henson bọ̀, ìyẹn rọrùn jù. Hanging Lake kò sí lára ìrìn ọkọ̀. Ó wà ní Glenwood Canyon, ó jìn sí Lake City, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi gòkè dé ibẹ̀, àyè sì ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ènìyàn wọlé. Gẹ́gẹ́ bí Ìyákẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn.

Nǹkan méjì ni mo gbàgbé láti fi kún un, méjèèjì sì jẹ mí lógún ju ọ̀rọ̀ ohun tí ojú ń rí lókè lọ. Èkíní ni pé kí ẹ má ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà, bó ti wù kí koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́jú tó. Láti nǹkan bíi mítà 3,500 sókè, igi kì í hù mọ́. Àwọn ewéko kéékèèké ló kù, tí wọn kì í ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lọ́dún láti fi dàgbà kí yìnyín tó tún bò wọ́n. Ojú táyà kan tó bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó tẹ̀ wọ́n ti gbàgbé. Àwa tí a dàgbà létí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, mọ ohun tó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ kan wà tí ènìyàn kì í kàn ṣe bó ṣe wù ú nínú rẹ̀, igbó náà sì wà títí dòní nítorí pé àwọn kan kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n tú u ká. Irú ojú kan náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi wo orí òkè yẹn. Láti 2021, ìlú Silverton kò jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí rìn ní ojú títì ìgboro wọn mọ́, nítorí ariwo, eruku àti pípọ̀ tí wọ́n ń pọ̀ sí i. N kò dá wọn lẹ́bi.

Èkejì ni omi. Omi àwọn odò ibẹ̀ máa ń mọ́ gaara lójú, ó sì máa ń wu ènìyàn mu. Ẹ má ṣe mu ún. Ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà àtijọ́ ló ṣì ń tú omi tó ní irin àti májèlé sínú odò lókè níbẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ tí àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà rán láti ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà Gold King, lókè Silverton, ṣèèṣì tú ohun tó dí omi ibẹ̀, nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́ta omi ìdọ̀tí sì ya wọ inú odò, ó sì sọ odò Animas di àwọ̀ ọsàn. Àwa ní Òṣogbo, tí a fojú ara wa rí bí odò Ọ̀ṣun ṣe yí àwọ̀ padà nítorí àwọn tó ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túbọ̀ ṣàlàyé èyí fún wa. Bí ẹ bá dé Animas Forks, ẹ fi odò náà han ọmọ yín, kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un níbẹ̀.

Olùkọ́ Òkè-Fìà dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi sétí, a sì ti pinnu láti rí dókítà kí a tó san owó kankan. Cinnamon Pass dé Animas Forks ni a ó ṣe, nínú ọkọ̀ oníjókòó ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, èmi nìkan ni n ó sì rìn dé Sloan Lake bí ara mi bá gbà á, àwọn méjèèjì yóò dúró dè mí níbi òdòdó. Ìbéèrè kan péré ló kù: ṣé ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà tó fún ọkọ mi láti wa ọkọ̀ náà níbẹ̀, àbí kí àbúrò mi máa wà á?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dáhùn pé:

Ojú ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀ ni apá tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà yẹn, nítorí náà ẹni tó bá máa wa ọkọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìwakọ̀ tó ṣì lágbára lọ́wọ́, kí ọkọ̀ sì ní ìwé adójútòfò. Colorado tún ń gba owó ìwé àṣẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, àwọn tó ń háyà sì sábà máa ń ti san ìyẹn. Kí àbúrò yín pe ilé tó fẹ́ háyà ọkọ̀ fún yín kó tó san owó, kó béèrè nǹkan mẹ́ta: bóyá wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà, bóyá ìwé ìwakọ̀ àgbáyé gbọ́dọ̀ bá a rìn, àti bóyá adójútòfò wọn bo awakọ̀ tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Kó gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá lọ́ tìkọ̀ lórí èyíkéyìí nínú rẹ̀, kí àbúrò yín fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí awakọ̀, kí ọkọ yín jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.